Bàbá Àgbà Tó Ń Ra Kóòtù Rẹ̀ ní Ekiosa

Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin Bàbá mi àgbà, Àǹtí Dúpẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé Èkó, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ láti pín aṣọ fún ẹbí, ó sì jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí olè jà. Ó ní aṣọ Bàbá dà? A ní ṣebí òun ló wà lára háńgà yẹn. Ó ní òun kò bèèrè ìwọ̀nba tó wà lára háńgà, òun ń bèèrè ìyókù. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gun àga wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù, ó tiẹ̀ ti fẹ́ máa fura sí obìnrin tó ń bá wọn tún ilé ṣe. Màmá àgbà, tó ti ń sunkún láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, bú sẹ́rìn-ín lórí àga tó jókòó sí. Ó ní, "Dúpẹ́, má wá ohun tí kò sọnù. Èyí tó o rí yẹn náà ni bàbá yín fi ń tan gbogbo yín jẹ láti ọjọ́ yìí."

Òtítọ́ ni. Gbogbo Yorùbá tó mọ̀ wá nílùú Benin, pàápàá àwọn ará ìjọ wa ní Airport Road, ló gbà pé Pa Jeremáyà ní odidi yàrá kan tó kún fún aṣọ. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan ń búra pé òun kò rí i rí kó wọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ kóòtù kan ṣoṣo ni ẹni tó ń búra yìí ti ń rí láti oṣù kan. Ó kàn jẹ́ pé Bàbá wọ̀ ọ́ sórí ṣòkòtò aláwọ̀ eérú lọ́sẹ̀ kan, ó wọ̀ ọ́ sórí búráwùn lọ́sẹ̀ kejì, ó sì yọ táì lọ́sẹ̀ kẹta. Gbogbo ohun tó ní, èmi nìkan lè fi apá kan gbé e lọ sídìí okùn aṣọ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jọ̀ọ́, nílé wa n kò jẹ́ pe Bàbá ní "ó". Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ "wọ́n" fún gbogbo àgbà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kò ní mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ará Ọ̀wọ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe apá ibí ní Midwest ló ti wá ṣe akọ̀wé níbi iṣẹ́ ìjọba, àdúgbò Iyaro ló sì gbé títí tó fi fẹ̀yìn tì, títí tó fi kú. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń dé nígbà tó bá wu òun fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ òun àti Màmá ni èmi Bùkọ́lá dàgbà sí nítorí Warri ni iṣẹ́ àwọn òbí mi wà. Ohun tó ṣe níbi iṣẹ́, kí àwọn ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. Ohun tí èmi mọ̀ ni bó ṣe ń wọṣọ, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àwọ̀ aṣọ rẹ̀ kò ju aró, eérú, funfun àti búráwùn lọ. Ó ní aṣọ tí kò bá lè jókòó ti gbogbo aṣọ yòókù nínú ilé, àlejò ni, kò sì sí yàrá àlejò nílé òun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bọ̀dá Táyọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Abuja, kò gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Nígbà tí Bàbá ń ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, ó fi súùtì kan ránṣẹ́, ó pupa bí wáìnì, ó sì ń dán. Bàbá gbàdúrà fún un gan-an. Ó wọ súùtì náà, ó ya fọ́tò kan, ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Abuja, ó bọ́ ọ sílẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá Táyọ̀ wá sílé lọ́dún Kérésì, tó jókòó sí ìlà kejì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, súùtì rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí níwájú kúáyà, lára ọ̀gá akọrin, tó ń gbé ọwọ́ sókè sódò. A jáde dé inú ọkọ̀. Bàbá ló dá a sọ. Ó ní, "Táyọ̀, ṣé o rí i bí aṣọ rẹ ṣe ń yin Olúwa?"

Òkìríkà ni Bàbá ń rà. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀, òun náà kò bò ó. Sátidé tí wọ́n bá ń tú bélì aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ekiosa, òun àti èmi ti máa ń débẹ̀ kí oòrùn tó mú, èmi ni mo ń gbé báàgì. Obìnrin Ẹdó kan tí à ń pè ní Ìyá Osas ló ń ta tiwa. Bó bá ti rí Bàbá lókèèrè ni yóò ti máa ráhùn.

"Papa, I never even loose the bale finish, you don reach."

"My daughter, na who come late dey buy torn one."

Bàbá kì í wo àwọ̀, kì í wo orúkọ tó wà lọ́rùn aṣọ. Á kọ́kọ́ di èjìká kóòtù mú, á gbé e sókè sí ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà á tú inú rẹ̀ síta, nítorí ó ní ojú aṣọ lè purọ́, inú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n pa. Nígbà tó bá wá kan abíyá, á gbé imú sí i, á fà á símú bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ìyá Osas kò fẹ́ràn eléyìí rárá. Ó ní, "Papa, abeg, no dey smell my market like say na soup."

Bàbá ní, "Bad soup go trouble me one day. Bad cloth go trouble me every Sunday."

Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, Ìyá Osas náà á rẹ́rìn-ín, á wá fa èyí tó ti fi pamọ́ fún un jáde lábẹ́ tábìlì. Lọ́pọ̀ ìgbà, Bàbá kì í ra nǹkan kan. Á wò, á kí gbogbo wọn, á padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Ó ní rírà ló ń gba owó, wíwò kò gba nǹkan kan. Nígbà kan tí mo mú kóòtù aláràbarà kan tó wù mí fún un, tí mo ní kí télọ̀ bá a tún un ṣe, ó mi orí. Ó ní, "Bùkọ́lá, télọ̀ lè dín ìbàdí, ó lè gé apá, ó lè tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò sílẹ̀. Èjìká nìkan, Ọlọ́run ló ń rán an."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ tuntun ni Màmá ń tà. Ẹ gbọ́ mi yé: Màmá ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ọba, ó ń ta aṣọ yáàdì fún súùtì àti ṣòkòtò ọkùnrin, ọkọ rẹ̀ sì ń lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí òkìríkà. Ó ní ṣe ni Bàbá ń ta ọjà òun dànù lójú gbogbo ayé. Bàbá ní bí òun bá ń gbé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó òun, ìgbà yẹn gan-an ni òun ń ta ọjà náà dànù. Ìjà yìí kò parí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ohun tí wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé Bàbá gbọ́dọ̀ kúrò ní Ekiosa kí àwọn oníbàárà Màmá tó jí.

Síbẹ̀, ọwọ́ Màmá náà wà nínú rẹ̀. Kò sí òkìríkà kan tó ń wọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láìṣe pé ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti iyọ̀, á ka Sáàmù lé e lórí, á wá bá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti dúró tì í gbọ́ ọ. Á ní, "Òyìnbó, o ṣeun. Bó o bá wà láàyè, kí Ọlọ́run fún ọ ní òmíràn. Bó o bá ti kú, má padà wá bèèrè rẹ̀." Bó bá wá di ọjọ́ Sunday, tí aṣọ náà ti gbẹ lára okùn, tí Bàbá ti lọ̀ ọ́, tó jókòó lára rẹ̀ bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Màmá ló ń dì mọ́ apá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin á bi í pé, "Màmá, ṣé lọ́dọ̀ yín ni Bàbá ti mú yáàdì yìí?" Màmá kì í purọ́. Á ní, "Ilé wa náà ló ti jáde wá."

Bó bá jẹ́ ti fáàrí ni, Bàbá ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ikú sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Kò sí gíláàsì ọkọ̀ kan tó wà láàárín Iyaro sí Airport Road tí kò tíì wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. A máa ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì nítorí bàtà tó ń fi pólíìṣì kùn. Bí wọ́n bá pè é sí ìnáwó, ó máa ń dúró ni, kò ní jókòó, àwọn ènìyàn á máa sọ pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ojú ìlà ṣòkòtò rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bí àlejò oníwàásù bá wá, tí a bá ń padà sílé tí a ń sọ̀rọ̀ ìwàásù náà, Bàbá á ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ó kàn jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin náà kúrú. Nígbà tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti já, á gbé e lọ fún Momodu, télọ̀ ará Auchi tó wà ní òpópónà wa, yóò tú kọ́là náà, yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò rán an padà. Bọ̀dá Táyọ̀ sọ fún un lórí fóònù pé òun yóò ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, kó yé fi ìyà jẹ ara rẹ̀. Bàbá ní, "Ìyà kọ́. Apá kejì rẹ̀ kò tíì jẹ ayé."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti lè sọ lọ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnì kó má já, bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ láti inú kí ojú rẹ̀ má baà dán. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú, ojú rẹ̀ ni mo ń rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìjọ mọ̀ kì í ṣe aṣọ tirẹ̀. Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, tí àwọn báńkì ń ṣí ẹ̀ka káàkiri, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wá sí Benin láti Ìkàrẹ́, láti Àkúrẹ́, láti Iléṣà, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ ni kò sí. Bàbá máa ń sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, pé aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn. Ohun tí kò lè fara dà ni kí ọmọ tó ti kàwé dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kó máa wo ara rẹ̀ nílẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni jẹ̀bi. Nítorí náà ó ń kó wọn lọ sí Ekiosa. Kóòtù kan, ṣòkòtò méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà dúdú kan tó ṣeé fi pólíìṣì kùn, ó parí. Ìyá Osas ń pè wọ́n ní "Papa him children." Ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ wọn ló ń tó o, Bàbá á sì fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìyá Osas ti bá yín yanjú ìyẹn náà."

Ọ̀kan nínú wọn ni Rópò. Ará Ìkàrẹ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú máa ń tètè tì í, ó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ olùtọ́jú ibẹ̀. Ó ti wá iṣẹ́ títí ó fi sú u. Nígbà tí báńkì kan wá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Bàbá wá kóòtù aláwọ̀ eérú kan fún un, èjìká rẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i tó ń rìn láàárín ìjókòó pẹ̀lú orí sókè. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wàhálà ṣẹlẹ̀, Bàbá àti kóòtù tó fẹ́ràn jù ló fà á.

Kóòtù náà dúdú bí aró, bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ idẹ, wọ́n fi òwú wúrà ṣe ìlà kan sí etí apá rẹ̀, báàjì ẹlẹ́wà kan sì wà lójú àpò àyà. Bàbá ti pinnu, láìbi ẹnikẹ́ni, pé báàjì yẹn jẹ́ ti ilé-ìwé ńlá kan nílùú òyìnbó. Ó ní ọmọ ọlọ́lá kan ló wọ̀ ọ́ títí ó fi gboyè. Kérésì, Àjíǹde, ìpàdé ẹgbẹ́, òun ni. Àwọn kúáyà ń pè é ní kóòtù ọba. Màmá nìkan ni kò bá a rẹ́. Ó ní bọ́tìnì rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ènìyàn kan.

Dádì Ṣeun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé nígbà náà, ó ń kọ́lé lẹ́yìn Airport Road, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń tà láwùjọ. Lẹ́yìn ìsìn, níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin ìjọ, ó wo Bàbá títí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí kóòtù yìí?"

Bàbá fi ayọ̀ dáhùn. "Ekiosa. Ṣé o mọ ilé-ìwé náà ni?"

Dádì Ṣeun bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilé-ìwé kẹ̀? Ẹ̀yin ará, ẹ̀wù àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní London nìyí. Báàjì òtẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn. Ó ti tó ọdún mélòó tí Bàbá wa ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tí wọn kò san owó fún un?"

Gbogbo ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń dúró de Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Bàbá pẹ̀lú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tètè tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan àyà ara wọn, wọ́n ń wo bọ́tìnì, wọ́n ń wo àpò. Rópò bọ́ kóòtù tirẹ̀, ó ká a, inú rẹ̀ síta, ó fi há abíyá. Bàbá rí i. Mo mọ̀ pé ohun tó dùn ún nìyẹn, torí láti ìgbà náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì wo gíláàsì ọkọ̀ kankan títí a fi délé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Rópò wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé kóòtù eérú náà sórí àga.

"Bàbá, ẹ má bínú. Íntáfíù yẹn, Monday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n kò rò pé mo máa lè lọ."

"Kí ló dé?"

"Bí ẹnìkan níbẹ̀ bá tún mọ ibi tí tèmi ti wá ńkọ́? Bí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín lójú mi, n kò ní lè sọ̀rọ̀."

Màmá ti ń retí irú ọjọ́ yìí láti ìgbà pípẹ́. Ó ní kó má sunkún, òun yóò gé yáàdì tuntun fún un ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọ̀la, Momodu yóò sì rán an kó tó di Sátidé. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá ní rárá.

"Ìyá Táyọ̀, o ṣeun. Bó o bá dá aṣọ fún èyí, àwọn yòókù ńkọ́? Gbogbo wọn ni wọ́n bọ́ kóòtù lónìí. Kì í ṣe aṣọ ló sọnù lọ́wọ́ wọn." Ó kọjú sí Rópò. "Fi tìrẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Wá gbà á ní Sunday lẹ́yìn ìsìn. Bí kò bá wù ọ́ nígbà náà, màá fúnra mi bá Ìyá Táyọ̀ gé yáàdì."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Bàbá kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni àfi Màmá, ohun tí mo rí ní Sátidé ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ó sọ fún Màmá. Màmá, tó ti ń bá kóòtù ọba yẹn jà láti ọjọ́ tó ti wọlé, jókòó sẹ́yìnkùlé, ó gbé e lé itan, ó ń fi búráàsò nu àwọn bọ́tìnì idẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè dán. Mo béèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní kí n lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná.

Ní Sunday, a kò pẹ́. A dé ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn akọrin pàápàá tó dé. Bàbá di gbogbo bọ́tìnì kóòtù náà títí dé òkè, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn onígbá méjì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ dé, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ máa wọlé."

Àwọn ènìyàn rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò kúrò níbẹ̀, ara wọn kò balẹ̀ mọ́, nítorí àgbà bíi tirẹ̀ kì í tẹrí ba fún ọmọ àná. Ìyá kan ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó, ẹ má ṣe báyìí sí wa." Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ n ṣe é, mà. Iṣẹ́ tí kóòtù yìí mọ̀ ọ́n ṣe nìyí. Láti ọjọ́ yìí, èmi kàn sọ ọ́ di aláìníṣẹ́ ni." Ni ìyá náà bá rẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yìí kò sì jọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n tún ń jáde, kí ó lè tún ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Nígbà tí Rópò dé, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀. Bàbá ṣí igbá ilẹ̀kùn méjèèjì fún un, ó sì tẹrí ba ju bó ti ṣe fún ẹnikẹ́ni lọ. Rópò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i. "Dìde, ọmọ mi, ṣẹ́ẹ̀tì yẹn funfun. Wò mí dáadáa. Ṣé aṣọ yìí dójú tì mí?"

Rópò ní, "Rárá, sà."

Nígbà tí ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Dádì Ṣeun dé. Ìyàwó rẹ̀ kí Bàbá, ó sì wọlé. Òun dúró. Mo wà nítòsí wọn, báàgì Màmá lọ́wọ́ mi, mo sì ń retí kí Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò ta á lára. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Bàbá kàn ṣí ilẹ̀kùn ni, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Dádì Ṣeun kò wọlé. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń bọ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èmi náà ti wọ irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tí mo ṣe ní London nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ̀wé sílé pé ọ́fíìsì ni mo wà. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀."

Ọ̀pọ̀ ìjọ ti wà nínú ilé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù tí Bàbá yóò sọ sókè kí ẹ̀tẹ́ náà lè padà sílé ẹni tó ni ín. Ó wo ọkùnrin náà títí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tàn.

"Ìwọ ló sì yẹ kó o kọ́ mi. Mo ti ń dá a ṣe láti àárọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá mo ń ṣe é dáadáa. Apá wo ni wọ́n ń dúró sí?"

Omi lé ròrò sójú Dádì Ṣeun. Ó kọjá sí ìhà kejì, ó gbé ọwọ́ lé igbá ilẹ̀kùn tó kù. Ó ní, "Apá òsì ni tiyín, sà. Ẹ má fi ara dí ọ̀nà." Àwọn méjèèjì ló jọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó pẹ́ títí a fi parí orin kejì, ọ̀kan nínú kóòtù òkìríkà, èkejì nínú súùtì tó gbé ti London dé.

Lẹ́yìn ìsìn, Rópò gba kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, ó wọ̀ ọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Àwọn yòókù náà wọ tiwọn ní Sunday tó tẹ̀lé e. Ní Monday, ọjọ́ kejì tó gba kóòtù, Rópò lọ síbi íntáfíù rẹ̀. Báńkì yẹn kò gbà á. Báńkì mìíràn ló gbà á lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kóòtù kan náà ló sì wọ̀ lọ.

Bàbá kò fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọ̀rọ̀ tí Dádì Ṣeun bá a sọ, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ sọ ọ́ fún Màmá, èmi tí mo gbọ́ ọ náà sì pa á mọ́ra nítorí pé ó wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan péré. Mo lè kọ ọ́ báyìí nítorí pé níbi àìsùn ìsìnkú rẹ̀, Dádì Ṣeun dìde láàárín gbogbo ìjọ, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ tó ṣe ní London láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tí kò fi ṣe òun ní nǹkan kan. Màmá di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Ó ní, "Ó mọ̀? Ọkùnrin yìí mọ̀, kò sì sọ fún mi?" Kò bínú. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá, àárò yín ń sọ wá. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń wọ̀ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn wọ̀, kí ẹ má ṣàṣàyàn níwájú àwọn áńgẹ́lì. Bí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ kí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún yín dáadáa. Iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe.